Yàrá kan péré la nílò, ẹ má jẹ́ ká dúró de gómìnà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó bébà, mo mọ̀ pé títẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde láyé ìsinyìí kì í ṣe kékeré. Mo ka lẹ́tà ẹnìkan nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá kọ́ mùsíọ́ọ̀mù ńlá mìíràn sí Abẹ́òkúta kí ìtàn Ẹ̀gbá má bàa pòórá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáa, n ò bá a jà, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí díẹ̀ nígbà tí mo kà á tán, torí gbogbo ìgbà tí nǹkan wa bá ti ń bàjẹ́, ojú ìjọba la máa ń kọ́kọ́ wò, bẹ́ẹ̀ nǹkan ọ̀hún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa nílé.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ìyá mi tà á, ìyá tó bí ìyá mi ló ń rẹ ẹ́, aró ò kúrò léèékánná màmá yẹn títí wọ́n fi sin ín. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Exeter, lápá ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ bí gbogbo ìyá ṣe ń lọ. Nígbà tí ọmọ ti lágbára díẹ̀ ló ní ká jáde kí n má bàa ya wèrè nínú ilé, ló bá mú mi wọ tírénì lọ sí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Topsham, létí odò Exe, kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́rin lọ sí Exeter. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi dá ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn lóhùn.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn gan-an ó yẹ kẹ́ ẹ mọ Exeter, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Henry Townsend lọ́dún 1815, òyìnbó tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, tó wá gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde lọ́dún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, títí Ìfọ́lé fi ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Àwọn akọ̀ròyìn ṣì fi orúkọ ìwé ìròyìn yẹn pe ilé wọn l'Ókè-Ìlẹ̀wó títí dòní. Nítorí náà nígbà tí ọmọ mi sọ pé Exeter lòun ti ríṣẹ́, mo ní ṣé ìlú Townsend, ó ní ta ni Townsend? Ọmọ tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta o, tó kàwé l'Abẹ́òkúta. Mi ò bá a wí, ta ló kọ́ ọ?

Ó dáa, Topsham. Kò ju òpópónà gígùn kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́ọ̀ṣì kan lókè tó dojú kọ omi. Omi yẹn kì í dúró sójú kan torí òkun ò jìnnà, á kún, á tún fà, tó bá sì ti fà tán, ẹrẹ̀ dúdú ló máa kù, gbogbo ọkọ̀ ojú omi á wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mu ẹmu yó. Wọ́n tún kọ́ ilé pákó kékeré kan sẹ́bàá ìlú tí kò níṣẹ́ méjì ju pé kéèyàn jókòó síbẹ̀ kó máa wo ẹyẹ lọ, ẹyẹ lásán o, tí wọn ò ní pa jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ìtàn wọn ò pa mí lẹ́rìn-ín, torí ó jọ tiwa. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ máa ń gba odò Exe lọ tààrà sí Exeter. Ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, obìnrin ìjòyè ńlá kan, Isabella de Fortibus, sé odò náà láàárín Topsham àti Exeter, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa kọjá. Nígbà tó kú, ìdílé Courtenay tó jogún oyè bá dí àyè yẹn pa, ọkọ̀ ò lè gòkè mọ́, Topsham ló kù tí wọ́n ti lè já ẹrù, ta ló ń gbowó lórí ẹrù ọ̀hún? Àwọn Courtenay náà ni. Àwọn ará Exeter jà, wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ọba ń dá wọn láre, ẹjọ́ ò ṣí odò, ó di láàárín 1560 sí 1570 kí wọ́n tó gbẹ́ odò àtọwọ́dá tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Exe kí wọ́n lè bọ́. Ohun tó jẹ́ ìyà fún Exeter ló sọ Topsham di ìlú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀ fún wa nígbà òjò á mọ̀ pé ẹni tó bá di odò mú lókè ló máa ń pàṣẹ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Aṣọ ló sì sọ wọ́n dolówó, ibẹ̀ yẹn gan-an ni etí mi ti là. Aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ń hun ní Exeter àti agbègbè ẹ̀, Topsham ni wọ́n ti ń dì í sọ́kọ̀ lọ sí Họ́láǹdì. Ọkọ̀ tó bá ti já aṣọ sílẹ̀ tán ò lè dá wá lófìfo torí ìgbì á dojú ẹ̀ dé, wọ́n á wá kó bíríkì àwọn Dutch, ìyẹn àwọn ará Họ́láǹdì, sí i nídìí kó lè wúwo. Bíríkì yẹn ni wọ́n fi kọ́lé. Ẹ bá dé òpópónà kan tó ń jẹ́ The Strand, ẹ ó rí àwọn ilé tí òrùlé wọn tẹ̀ kọrọdọ níwájú, kò jọ ilé Gẹ̀ẹ́sì rárá, bíríkì wọn tín-ín-rín, ó kéré sí èyí tá a mọ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi ní Màmá ẹ má fọwọ́ kan ilé onílé o. Mo ní jọ̀ọ́, owó aṣọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹlẹ́gbẹ́ mi ni wọ́n. Ṣèbí àwọn àgùdà àti Sàró náà kó ọgbọ́n ìkọ́lé ti ìdálẹ̀ bọ̀ wá s'Abẹ́òkúta, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé wọn rí rìbìtì lókè tí òpó ẹnu ọ̀nà wọn lódòdó, ìwọ̀nba tó kù lẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, ojoojúmọ́ la ń wó wọn ká lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ plásà.

Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn náà pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Terror, Topsham ni wọ́n ti kàn án, ó bọ́ sómi lọ́dún 1813, òun àti ìkejì ẹ̀ Erebus ni wọ́n lọ wá ọ̀nà gba inú yìnyín àríwá Kánádà lọ́dún 1845, èèyàn 129 ló kú sọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò padà wálé. Ọdún 2016 ni wọ́n tó rí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ omi. Ìlú tí gbogbo ẹ̀ ò tó Láfẹ́nwá, àdúgbò kan péré l'Abẹ́òkúta!

Mùsíọ́ọ̀mù wọn wá ni ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ. Orí The Strand yẹn náà ló wà, ilé oníṣòwò àtijọ́ kan tó ti wà láti nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, ẹ̀yìn ẹ̀ ló dojú kọ omi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy Holman ló ń gbébẹ̀, ìdílé Holman yìí, oníṣòwò ọkọ̀ ni wọ́n láti ilẹ̀. Lọ́dún 1967 obìnrin yìí ṣí ilé ara ẹ̀ fún aráàlú láti máa wá wo nǹkan ìlú wọn. Ilé ara ẹ̀ o. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n kó Topsham pọ̀ mọ́ Exeter ni, 1966 ni ìlú wọn pàdánù ìjọba tara wọn, ó jọ mí pé nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ èèyàn ló máa ń rántí àpótí ìyá ẹ̀. Ọkọ àkọ́kọ́ tí Vivien Leigh fẹ́, òṣèré fíìmù tó lókìkí yẹn, ọmọ ìyá obìnrin yìí ni, nítorí náà wọ́n kó nǹkan ẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ló sì ń fa àwọn kan tí ò bìkítà fún ọkọ̀.

Kí ló wà níbẹ̀? Kò sí góòlù. Àga tí wọ́n jókòó sí, àwòrán ọkọ̀, ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n gbẹ́, irinṣẹ́ àwọn kápẹ́ńtà ọkọ̀, àwọ̀n ẹja, fọ́tò àwọn èèyàn ìlú tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n níbòmíì. Wọn ò gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó jókòó ń dá wa lóhùn, irun wọn funfun bíi tèmi, bàbá kan mú wa lọ síwájú fọ́tò kan ó ní ilé táwọn ti wá nìyí, ó fi ìka han fèrèsé. Mo ní kí ọmọ mi bi í léèrè pé èló ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Bàbá rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn ni, ẹni tó bá kàn ló máa wá jókòó, ìgbà òtútù wọ́n á tì í. Ó mà ṣe o, mo jókòó sórí àga níbẹ̀ mo ń ronú iye màmá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì l'Abẹ́òkúta tí wọ́n kàn ń jókòó níwájú ilé láti àárọ̀ dalẹ́ tí ọ̀rọ̀ kún inú wọn.

N ò sọ pé Párádísè ni o. Ilé níbẹ̀ wọ́n ju ẹ̀mí lọ, ọmọ mi ní òun ò lè ronú àtiyá ilé níbẹ̀ pẹ̀lú owó nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ìlú gan-an tí ò rí ilé rà ń kó lọ ibòmíì, tẹ́ ẹ bá rìn lọ lọ́sàn-án àgbàlagbà ló pọ̀ jù tẹ́ ẹ máa rí àti ajá wọn. Ìtàn tí wọ́n fi pamọ́ dáadáa ló wá sọ ìlú di ọjà olówó. Ìyẹn náà ó yẹ ká ro ó. Ilé ọtí kan tún wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan, ìdílé kan náà ló ń ṣe é láti ọdún 1897, Ọbabìnrin Elizabeth kejì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ débẹ̀ lọ́dún 1998, ọmọ mi ní wọn ò ní ṣe ju kí wọ́n gbé fọ́tò kọ́ ògiri. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa, orúkọ àdúgbò á ti yí padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Abẹ́òkúta ò ṣaláìní ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá. Òlúmọ wà, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ agbénisókè sí i, Gbọ̀ngàn Sẹ́ntínárì tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1930 láti fi sààmì ọgọ́rùn-ún ọdún tá a tẹ̀dó wà l'Aké, ṣọ́ọ̀ṣì Saint Peter wà níbẹ̀, ilé ìkàwé Olóyè Ọbásanjọ́ wà tó sì lẹ́wà, ẹ lọ wò ó. Gbogbo ìyẹn ti ọba ni, ti Ọlọ́run ni, ti ààrẹ ni. Tèmi àti tẹ̀yin dà? Ta ló fi irinṣẹ́ aláró pamọ́, ta ló ní fọ́tò àwọn obìnrin tó ń gbé ẹrù sọ tírénì ní Láfẹ́nwá, ìwé ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́jà, ìwé owó orí táwọn obìnrin àti Funmilayo Ransome-Kuti jọ jà lé lórí?

Ẹ gbọ́ èyí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí àwọn obìnrin fi ìyẹ́ adìẹ yà nìkan kọ́ ló wà o, èyí táwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ń ṣe, páànù ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gé iṣẹ́ sára páànù pẹlẹbẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun, wọ́n á wá fi ẹ̀kọ láfún rá a kọjá, ibi tí ẹ̀kọ bá ti wọlé, aró ò ní mú un. Ìyá ìyá mi ní páànù Olóba, aṣọ tó ní àwòrán ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ayaba lára, ìyẹn George karùn-ún àti Mary, tí wọ́n ṣe jáde fún júbílì ọdún 1935. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Etí ẹ̀ ti dípẹtà, adé ọba ti ya níbì kan tí ẹnìkan fi wáyà kékeré so, tẹ́ ẹ bá gbé e sí oòrùn ẹ ó ṣì rí ẹ̀kọ gbígbẹ tó funfun nínú ihò ojú ayaba. Ẹ̀kọ tí wọ́n ti rò kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, gbogbo ìyókù, ọmọkùnrin kan nínú ẹbí wa kó wọn fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri tí wọ́n ń pariwo kọ́ndẹ́m áyọ́ọ̀nù, wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, wọ́n fún un lówó tó fi ra káàdì fóònù. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún un, kò mọ̀. Ó rò pé páànù ni.

Ẹ tiẹ̀ wá sí Ìtòkú lónìí, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ ti kún ọjà, ó dán, owó ẹ̀ pọ́ọ́kú, oníbàárà tí kò bá rí èyí tó jẹ́ ojúlówó rí á kàn ra èyí tówó ẹ̀ pọ́ọ́kú ni. Mo fẹ́ ní ibì kan tí mo lè mú un lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí n ní wo páànù, wo ìkòkò aró, wo elú, gbọ́ òórùn ẹ̀, padà wá ká sọ̀rọ̀ owó. Ìjọba ò ní bá mi ṣe ìyẹn, ti ọjà ni.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní Dorothy Holman ló nilé, ilé tiwa ti ẹbí ni, èèyàn ogójì ló ni ín, mẹ́wàá wà l'Amẹ́ríkà, olórí ẹbí àti àbúrò ẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù, ìjà kọ́kọ́rọ́ ló máa bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́, àti pé àwọn èèyàn ò ní kó nǹkan bàbá wọn fún mùsíọ́ọ̀mù ìjọba torí wọ́n ń bẹ̀rù pé tó bá wọlé kò ní jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ jẹ́ ká fi ilé sílẹ̀. Yàrá kan ni, yàrá iwájú tó ṣílẹ̀kùn sí títì, tá a máa háyà lọ́wọ́ onílé bíi ṣọ́ọ̀bù, kí ẹgbẹ́ máa san owó ẹ̀ látinú àjọ, a ò kúkú ní ṣe aláìní owó aṣọ ẹbí tí ọdún Líṣàbí bá dé. Ohun tí ẹbí kọ̀ọ̀kan bá gbé wá, yíyá ni, kì í ṣe fífúnni, kí wọ́n kọ orúkọ ẹbí náà sí i gàdàgbà, kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á kí wọ́n wá gbà á. Orúkọ yẹn á mú wọn gbé e wá, mo mọ Ẹ̀gbá, wọn ò ní gbà kí orúkọ ẹbí ìkejì wà níbẹ̀ kí tiwọn má sí. Kí àwọn màmá pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ìjẹ̀bú ti fi Ojúde Ọba gbayì kárí ayé, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi wá rín.

Tí wọ́n bá bi mí pé níbo, mo máa ní kó sún mọ́ odò. Topsham dojú kọ omi ẹ̀, àwa kẹ̀yìn sí odò Ògùn àfi tá a bá fẹ́ da ilẹ̀ sí i. Sókorí tó gba àárín ìlú kọjá, ẹ lọ wo ohun tó wà nínú ẹ̀, ọ̀rá pọ́wà, fómù, ìdọ̀tí ọmọdé, tí òjò bá wá dé gbogbo ẹ̀ á padà wọlé wá bá wa. Omíyalé ọdún 2018 gbẹ̀mí èèyàn l'Abẹ́òkúta, ẹnì kan kì í tún dárúkọ ẹ̀ mọ́ àfi ẹbí àwọn tó kú. Kò sí òkúta kan tó sààmì ibi tí omi ga dé. Ohun tí kò ní ná wa ju ọ̀dà kan ni, kí ẹni tí omi wọlé ẹ̀ lọ́dún náà fa ìlà sára ògiri kó kọ ọdún sí i. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀ á bèèrè pé kí nìyẹn.

Mo ti bá àwọn obìnrin díẹ̀ sọ ọ́ ní ìlà wa ní Ìtòkú, àwọn kan ní kí n lọ sinmi, àwọn kan ti ń wá nǹkan nínú àpótí. Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju pé kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde kẹ́ ẹ má gé e, kẹ́ ẹ sì bá mi fi kún un nísàlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní páànù àdìrẹ tàbí fọ́tò Láfẹ́nwá àtijọ́ nílé, kó má tíì tà á, kó wá bèèrè ìyá aláàdìrẹ tó ní páànù Olóba ní Ìtòkú, gbogbo wọn ló mọ̀ mí. Tí ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́ sí náà bá fẹ́ wá, inú mi á dùn, kó wá bá wa gbá yàrá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta